Ápgíréèdì sáfà ilé láti Debian 12 sí 13: fáìlì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí sáfà ẹ̀gbọ́n mi kan rèé lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò lórí Debian 12 bọ́ sórí Debian 13, ìyẹn irú Linux tó ń gbé ẹ̀rọ náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ látòkèdélẹ̀ torí pé ápgíréèdì yẹn parí wẹ́rẹ́, kò sí ìlà pupa kankan lójú skrin, ẹ tẹ `systemctl --failed` ó ní nǹkan kan ò ṣe òun, síbẹ̀ àwọn nǹkan kan ti dákú sínú ẹ̀rọ náà láìpariwo, nígbà tá a sì tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, orísun kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Kọ̀ǹpútà kékeré ni, mẹ́mórì ẹ̀ 8 GB, háádì dísìkì méjì tí wọ́n so pọ̀ ní RAID 1 kí ọ̀kan lè máa báṣẹ́ lọ bí ìkejì bá kú. Fọ́tò gbogbo ilé wà lórí ẹ̀ nínú Nextcloud (ètò tó ń tọ́jú fáìlì), nginx (sáfà wẹ́ẹ̀bù) ló wà níwájú, PostgreSQL ló gbé dátábéèsì, Samba ń pín fódà fún àwọn láptọ́ọ̀pù ilé, WireGuard (VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ wọnú nẹ́tíwọ̀kì ilé) sì wà níbẹ̀ kí ẹni tó bá jáde lè gba orí fóònù ẹ̀ wọlé padà, kó rí printà, kó rí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, kó sì gba ilé jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó bá wà lórí Wi-Fi tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ sí. WireGuard yìí gan-an làwọn ará ilé kà sí jù. Fọ́tò lè dúró dọ̀la, àmọ́ ẹni tó wà níta tí kò rí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà wò máa pè lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ápgíréèdì yẹn rárá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìyókù. Wọ́n kọ́kọ́ gba gbogbo ápdéètì tó kù lórí Debian 12, wọ́n wo `dpkg --audit` àti `apt-mark showhold` bóyá páḱéèjì kan wà tó há síbì kan, wọ́n gbé Nextcloud dé 31 kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan míì torí PHP 8.4 (PHP ni èdè tí wọ́n fi kọ Nextcloud) ló wà nínú Debian 13, Nextcloud 30 ò sì gba 8.4. Wọ́n dá bákọ́ọ̀pù dátábéèsì sí háádì dísìkì tó wà níta, wọ́n di gbogbo `/etc` (fódà tí sẹ́tíńgì ẹ̀rọ ń gbé) pọ̀ sínú tar kan (fáìlì kan tó kó ọ̀pọ̀ fáìlì pọ̀), wọ́n pààrọ̀ bookworm (orúkọ míì tí Debian 12 ń jẹ́) sí trixie (ti 13) nínú àwọn fáìlì apt, wọ́n ṣí tmux (kí iṣẹ́ lè máa lọ bí tẹ́mínà bá já), wọ́n so kíbọọ̀dù àti skrin mọ́ ẹ̀rọ náà gan-an dípò kí wọ́n gba SSH wọlé, wọ́n wá ṣe é ní ìpele méjì bó ṣe yẹ:

apt upgrade --without-new-pkgs
apt full-upgrade

Ìpele àkọ́kọ́ yẹn á gbé ohun tó bá ṣeé gbé láìyọ nǹkan kan kúrò, ìkejì ló máa wá yọ tó máa fi òmíràn rọ́pò. Níbi tí dpkg ti ń béèrè bóyá kóun lo fáìlì sẹ́tíńgì tuntun tàbí kóun fi èyí tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ N ní gbogbo ẹ̀, ìyẹn ni pé kó fi tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ṣe rìbúùtù, kẹ̀nẹ́lì (ọkàn Linux gan-an) 6.12 gbéra dípò 6.1, gbogbo dísìkì jáde. Kò síbi tí mo lè tọ́ka sí nínú gbogbo ìyẹn pé kò dáa.

Nextcloud kọ́kọ́ gbé 502 Bad Gateway jáde, wọ́n tún ìyẹn ṣe fúnra wọn (màá padà sórí ẹ̀). Èyí tó mú kí wọ́n pè mí ni WireGuard.

"Àbúrò, nǹkan yìí ń ṣe ségesège. Lánàá kò ṣiṣẹ́, mo tún un ṣe, ó ṣiṣẹ́. Mo jí láàárọ̀ yìí, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Fóònù ní òun ti kọnẹ́ẹ̀tì o."

"Ẹ kú wàhálà, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ ṣe lánàá tó fi ṣiṣẹ́?"

"Mo ka nǹkan kan níbì kan pé kí n tẹ `sysctl -p`. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbéra."

"Ṣé ẹ wá ṣe rìbúùtù lẹ́yìn ẹ̀?"

"Ápdéètì kẹ̀nẹ́lì kan wọlé lálẹ́, mo tún un tàn."

Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ fò lọ síbẹ̀ tààrà, torí nẹ́tíwọ̀kì tí kò ṣiṣẹ́ lè ní ìdí mẹ́wàá, téèyàn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kan nǹkan kó tó mọ ibi tí pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì kọjá) ti ń kú, ó lè ba èyí tí kò ṣe nǹkan jẹ́. Mo ní kí wọ́n pa Wi-Fi fóònù, kí wọ́n lo dátà kó lè jẹ́ pé òde ni fóònù náà wà lóòótọ́. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, torí bí fóònù bá ṣì wà lórí Wi-Fi ilé, ó lè máa rí printà gba ọ̀nà tí kò kan WireGuard rárá, kẹ́ ẹ wá máa rò pé ó ti dáa.

Àmì "mo ti kọnẹ́ẹ̀tì" tí fóònù ń gbé jáde lórí WireGuard, ẹ má gbára lé e. WireGuard ò ní ohun tó ń jẹ́ kọnẹ́ẹ̀tì bí àwọn VPN àtijọ́, bẹ́ ẹ bá ti tan bọ́tìnnì ẹ̀, á ní òun ti tàn, ìbáà jẹ́ pé sáfà ti kú pátápátá. Ibi tó yẹ kéèyàn wò ni orí sáfà, kẹ́ ẹ tẹ `wg show`, kẹ́ ẹ wo ìlà tó ní latest handshake (ìgbà tí ẹ̀rọ méjèèjì kí ara wọn kẹ́yìn). Tiwọn ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni iye dátà tó wọlé ń pọ̀ sí i lójú wa. Ìyẹn ti jẹ́ ká mọ nǹkan tó pọ̀: kọ́kọ́rọ́ méjèèjì dáa, pọ́ọ̀tù tí rúútà ń gbà wọlé dáa, sáfà ń gbọ́ ohun tí fóònù ń sọ. Wàhálà náà wà lẹ́yìn ibẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fi fóònù ping (kí wọ́n ránṣẹ́ wò bóyá á dáhùn) 10.8.0.1, àdírẹ́sì tí sáfà fúnra ẹ̀ ń jẹ́ lórí WireGuard. Ó dáhùn. Wọ́n ṣí Nextcloud lórí àdírẹ́sì yẹn, ó ṣí. Wọ́n ping printà tó wà lórí 192.168.1, kò sí ìdáhùn. Wọ́n ṣí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣí. Ẹ wo bó ṣe pín: gbogbo ohun tó jẹ́ ti sáfà gan-an ń ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tó yẹ kí sáfà bá wọn gbé kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì ló kú.

Ẹ̀gbọ́n ní fáyàwọ́ọ̀lù ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ rò nìyẹn, kò sì burú. A wo `nft list ruleset`, àwọn òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ wà níbẹ̀ pé pérépéré, masquerade (tó ń fi àdírẹ́sì sáfà bo ti fóònù) wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n counter tó ń ka pákẹ́ẹ̀tì nínú chain forward, ibi tí òfin àwọn pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì wà, ń ka 0. Kì í ṣe pé ó ń dá pákẹ́ẹ̀tì padà o, pákẹ́ẹ̀tì kankan ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rí láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti gbéra. Mo ní kí wọ́n ṣí tẹ́mínà méjì, kí wọ́n fi tcpdump wo pákẹ́ẹ̀tì tó ń kọjá, wg0 ni ojú WireGuard, enp3s0 ni ojú kébù:

tcpdump -ni wg0
tcpdump -ni enp3s0 host 192.168.1.20

192.168.1.20 yẹn ni printà. Kí wọ́n wá fi fóònù ping ẹ̀. Lójú tẹ́mínà àkọ́kọ́, pákẹ́ẹ̀tì ń ya wọlé ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, echo request, echo request. Tẹ́mínà kejì dákẹ́ lọ gbári. Ó wọlé láti ojú WireGuard, kò jáde sójú kébù, sáfà ló gbé e mì sáàárín, kò tiẹ̀ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ padà sí fóònù pé òun ò gbé e kọjá. Bí kẹ̀nẹ́lì Linux ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọn ò bá ní kó máa gbé ẹrù ẹlòmíì: pákẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe tiẹ̀, á jù ú nù, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Ó kù ká béèrè lọ́wọ́ kẹ̀nẹ́lì fúnra ẹ̀:

cat /proc/sys/net/ipv4/ip_forward

Ó ní 0, ìyẹn ni pé wọn ò ní kó máa gbé pákẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì kọjá.

A wá wá ibi tí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó jẹ́ 1, `grep -r ip_forward /etc/sysctl*`, ó sì wà níbẹ̀ gbangba, nínú `/etc/sysctl.conf`: net.ipv4.ip_forward=1. Ẹnu ya ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní "ṣebí ó wà níbẹ̀ nìyẹn!" Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbé WireGuard kalẹ̀, ó ti pẹ́ débi pé wọn ò rántí pé àwọn ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ápgíréèdì ò yí lẹ́tà kan padà nínú ẹ̀.

Ẹni tó ń kà á ló ti lọ. Lórí Debian 12, nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbéra, systemd-sysctl (apá kan nínú systemd, ètò tó ń gbé ẹ̀rọ dìde) ló ń ka àwọn sẹ́tíńgì kẹ̀nẹ́lì, inú fódà `/etc/sysctl.d` ló sì ti ń kà wọ́n. Inú fódà yẹn ni symlink kan wà tó ń jẹ́ 99-sysctl.conf, tó tọ́ka padà sí `/etc/sysctl.conf`, ojú symlink yẹn ni systemd fi ń rí fáìlì àtijọ́. Ní Debian 13, wọ́n ti yọ symlink náà, fódà nìkan ló kù tó ń kà. Àwọn tó ṣe Debian kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé tó bá ẹ̀dà tuntun jáde, kò pamọ́, àmọ́ ìlà kan ni láàárín ọ̀pọ̀ ìlà, ẹni tí kò bá sì rántí pé òun ní nǹkan kan nínú fáìlì yẹn á kà á kọjá bí ohun tí kò kan òun ni.

Ibi tí `sysctl -p` ti ń tan èèyàn jẹ nìyí, mo sì fẹ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Kọmáńdì yẹn, bẹ́ ò bá dárúkọ fáìlì fún un, `/etc/sysctl.conf` gan-an ló máa lọ ṣí. Ìyẹn ò yí padà ní Debian 13. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ka fáìlì náà, ó fi 1 sí kẹ̀nẹ́lì lọ́wọ́, WireGuard gbéra lójú ẹsẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́ á gbà pé ó ti parí. Àmọ́ ọwọ́ èèyàn ló tẹ ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀rọ nígbà tó ń gbéra. Rìbúùtù tó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ̀ systemd-sysctl ló kọjá, systemd ò mọ fáìlì yẹn mọ́, a padà sí 0. Ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó ń ṣe ségesège nìyẹn, kò sí ségesège kankan níbẹ̀, ó ṣe déédéé bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ẹ tiẹ̀ lè wo lọ́ọ̀gì ẹ̀, `journalctl -b -u systemd-sysctl`, kò ní sọ nǹkan kan, torí fáìlì tí wọn ò ní kó kà kì í ṣe ẹ́rọ̀ lọ́dọ̀ tiẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tó dojú ọ̀rọ̀ rú fún wọn. Ọ̀rẹ́ wọn kan ti ṣe ápgíréèdì kan náà, òun náà ní WireGuard, ó ní ti òun ń ṣiṣẹ́ geere, pé kí wọ́n lọ yẹ rúútà wò. Mo ní kí wọ́n bi í bóyá ó ní Docker (tó ń gbé ètò sínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní container) lórí tiẹ̀. Ó ní. Docker máa ń fúnra ẹ̀ tan ip_forward nígbà tó bá gbéra, torí òun náà nílò ẹ̀ fún àwọn container ẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ wọn náà ti kú ní tòótọ́, Docker ló ń bá a gbé e láìmọ̀. Lọ́jọ́ tó bá yọ Docker kúrò, WireGuard máa kú pẹ̀lú ẹ̀, kò sì ní mọ ohun tó so méjèèjì pọ̀.

Àtúnṣe ẹ̀ ò tó nǹkan. A ṣí fáìlì tuntun, `/etc/sysctl.d/60-ile.conf`, a kó gbogbo ìlà tó wà nínú fáìlì àtijọ́ síbẹ̀, a wá tẹ:

systemctl restart systemd-sysctl

Ìyẹn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀, mo ní kí wọ́n má tẹ `sysctl -p`, torí èyí tí ẹ̀rọ máa gbà nígbà tó bá ń gbéra ló yẹ ká dán wò. Ẹ sì lè wo gbogbo ohun tó ń kà àti bó ṣe tò wọ́n pẹ̀lú `systemd-analyze cat-config sysctl.d`, orúkọ fáìlì ló fi ń tò wọ́n, èyí tó bá kẹ́yìn ló borí. A ò fi forwarding IPv6 sí i, torí IPv4 nìkan ni WireGuard wọn ń gbé, tẹ́ ẹ bá sì tan ti IPv6, sáfà ò ní máa gba àdírẹ́sì tí rúútà ń kéde mọ́ àfi bẹ́ ẹ bá fi accept_ra sí 2, wàhálà míì lọ́tọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ a ṣe rìbúùtù, a tún gba orí dátà wọlé, printà dáhùn, kámẹ́rà ṣí, counter forward bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Bá a ṣe ń kó àwọn ìlà yẹn lọ la rí i pé ip_forward nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. vm.swappiness=10 (bí ẹ̀rọ ṣe ń yá tó láti kó nǹkan kúrò ní mẹ́mórì lọ sórí dísìkì) wà níbẹ̀, fs.inotify.max_user_watches=524288 (iye nǹkan tí ètò lè máa ṣọ́) náà wà níbẹ̀, ti Syncthing tó ń ṣọ́ fódà fọ́tò nìyẹn. Àwọn méjèèjì ti kú láti ọjọ́ ápgíréèdì. Kò sẹ́ni tó pariwo torí wọn, kò sì sẹ́ni tó máa pariwo, ẹ̀rọ á kàn máa wúwo díẹ̀, Syncthing á máa pẹ́ kó tó rí fọ́tò tuntun, wọ́n á ní háádì dísìkì ti ń gbó. Èyí ló kó mi lọ́kàn sókè ju WireGuard lọ. Ohun tó bá kú tó sì pariwo, èèyàn á tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n wá rántí tar `/etc` tí wọ́n dì pọ̀ ṣáájú, wọ́n ní ká fi wé ti báyìí, ká mọ ohun míì tó yí padà. A ṣe é. Diff náà gùn lọ bí ẹní ń kà ìwé, àmọ́ lórí sysctl.conf kò sọ nǹkan kan, torí fáìlì náà ò yí padà. Ohun kan ṣoṣo tó yẹ ká rí níbẹ̀ ni symlink kan tí kò sí mọ́, ta ni á wo ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà? Bákọ́ọ̀pù `/etc` dáa, ẹ máa ṣe é, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ fún ẹ̀rọ ló ń sọ, kò sọ ohun tí ẹ̀rọ gbọ́. Ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ lẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ní tààrà, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan:

sysctl -a > sysctl.txt
ss -tulpn > port.txt
ip a > ip.txt
nft list ruleset > nft.txt
findmnt > mount.txt
systemctl list-timers --all > timer.txt

Kẹ́ ẹ kó wọn sí dísìkì míì, kẹ́ ẹ tún tẹ gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn rìbúùtù, kẹ́ ẹ wá fi wéra. Nínú `sysctl -a`, ip_forward á yọ sí yín gbangba pé 1 ló wà tẹ́lẹ̀, 0 ló dé báyìí. Àwọn ìlà kan máa yàtọ̀ nínú ẹ̀ torí kẹ̀nẹ́lì tuntun ní tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kíyẹn kó yín láyà jẹ, ẹ wá èyí tí orúkọ ẹ̀ wà nínú àwọn fáìlì tẹ́ ẹ fọwọ́ kọ.

Orí èrò yẹn la gbà yẹ ìyókù ẹ̀rọ wò.

PHP la kọ́kọ́ dé. 502 tí mo ní ẹ̀gbọ́n ti tún ṣe yẹn, nginx ló ń wá socket (ojú ọ̀nà tó fi ń bá PHP sọ̀rọ̀) tó ń jẹ́ `/run/php/php8.2-fpm.sock`, bẹ́ẹ̀ php8.4 ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, orúkọ socket ti yí padà, wọ́n ti yí i nínú nginx. Ìyẹn pariwo, wọ́n rí i. Àmọ́ fódà `/etc/php/8.2` àti `/etc/php/8.4` jẹ́ fódà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ti 8.2 ò bá wọn dé inú ti 8.4. memory_limit tí wọ́n ti gbé sí 512M padà sí 128M. Nínú pool www.conf, pm.max_children (iye iṣẹ́ tí PHP lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà) padà sí 5, a sì rí i nínú lọ́ọ̀gì php8.4-fpm: server reached pm.max_children setting (5), consider raising it, ó ń kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà táwọn ọmọ bá ṣí fọ́tò lórí fóònù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti kíyè sí i pé fọ́tò ń pẹ́ jáde, àwọn rò pé bí Nextcloud tuntun ṣe rí nìyẹn. A kó àwọn iye náà lọ sí 8.4, a tún fpm tàn, ó yá.

PostgreSQL tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ `pg_lsclusters` lórí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí 12, ẹ ó rí cluster (àkójọ dátábéèsì) méjì: 15 main lórí pọ́ọ̀tù 5432, 17 main lórí 5433. Èyí tó wà lórí 5433 yẹn ṣófo. Gbogbo dátà Nextcloud ṣì wà lórí 15, Nextcloud ń lò ó, gbogbo nǹkan ń lọ, ọkàn èèyàn á balẹ̀. Kò yẹ kó balẹ̀. 15 ò sí nínú Debian 13, ẹ wo `apt list '?obsolete'` ẹ ó rí i níbẹ̀, kò sí ápdéètì ààbò tó ń bọ̀ fún un láti ibẹ̀ mọ́. Ìkejì, lọ́ọ̀gì ẹ̀ ti ń kìlọ̀ pé collation version mismatch, pé 2.36 ni wọ́n fi dá dátábéèsì náà, pé 2.41 ló wà lórí ẹ̀rọ báyìí. Ẹ̀dà glibc nìyẹn, àkójọ kóòdù tí àwọn ètò orí Linux jọ ń lò, collation sì ni ọ̀nà tó ń gbà to lẹ́tà. Bí glibc ṣe ń to lẹ́tà tẹ̀ lé ara wọn lè yí padà láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, index (atọ́ka tí dátábéèsì fi ń wá nǹkan) tí wọ́n tò pẹ̀lú òfin àtijọ́ lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ohun tó wà nínú tábìlì, ẹ wá fáìlì kan kó ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà. Fún fọ́tò ilé, ìyẹn kì í ṣe ohun téèyàn ń fi sílẹ̀ dọ̀la.

A fi Nextcloud sí maintenance mode, a tún dá pg_dump kan jáde, a wá ṣe:

pg_dropcluster --stop 17 main
pg_upgradecluster 15 main

Ẹ ka ìlà àkọ́kọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. 17 tó ṣófo lẹ ń pa, kì í ṣe 15! Èmi àti ẹ̀gbọ́n ka nọ́ńbà náà síta fún ara wa lórí fóònù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìlà kejì, bẹ́ ò bá sọ nǹkan míì fún un, á da gbogbo dátà sílẹ̀ á tún un kó sínú 17, ìyẹn ni pé á tún gbogbo index tò látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ collation yẹn sì parí síbẹ̀. Ó máa ń pẹ́ ju ọ̀nà kejì tó ń gbé fáìlì ní tààrà lọ, ó sì nílò àyè ìlọ́po méjì lórí dísìkì, àmọ́ fún dátábéèsì ilé tí kò tóbi, ọ̀nà yìí ni mo fara mọ́. Nígbà tó parí, 17 ti gba pọ́ọ̀tù 5432, 15 ti sún sí 5433, ó sì ti dúró. Nextcloud ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni skríìpù bákọ́ọ̀pù alaalẹ́, mo sì dúpẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Skríìpù náà ń da dátábéèsì sínú `/tmp`, ó ń di fódà kan pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, kó tó kó o lọ sórí dísìkì ìta. Lórí Debian 12, `/tmp` wà lórí dísìkì gẹ́gẹ́ bíi fódà yòókù. Lórí 13, inú mẹ́mórì ló wà, tmpfs ni, ó sì lè gbà tó ìdajì mẹ́mórì. Ẹ̀rọ tó ní 8 GB, `df -h /tmp` ní kò tó 4 GB. Tar wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ ápgíréèdì ni bákọ́ọ̀pù ti ń kú sójú ọ̀nà, No space left on device, nínú fáìlì lọ́ọ̀gì kan tí kò sẹ́ni tó ń ṣí. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀: ẹ lè tẹ `systemctl mask tmp.mount` kẹ́ ẹ ṣe rìbúùtù kó padà sórí dísìkì, tàbí kẹ́ ẹ ní kí skríìpù lo `/var/tmp`. A mú ìkejì. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò nílé nínú `/tmp`, mẹ́mórì 8 GB náà ò sì pọ̀ tó láti máa fi gbé tar. A fi ìlà kan kún skríìpù náà tó ń fi ìmélì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bí kò bá parí dáadáa, a dúró tì í títí bákọ́ọ̀pù kan fi parí, a tú u sí fódà míì, a ṣí fọ́tò díẹ̀ nínú ẹ̀ wò.

A ò tíì pa 15 lọ́jọ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀, ó dúró, títí bákọ́ọ̀pù ti 17 fi wà nílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tá a sì ti dán ọ̀kan nínú wọn wò, kí ẹ̀gbọ́n tó tẹ `pg_dropcluster 15 main` tí wọ́n sì yọ páḱéèjì ẹ̀ kúrò. Wọ́n ní ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń gbé kámẹ́rà, Debian 12 ló ṣì wà lórí ẹ̀. June 2023 ni 12 jáde, ápdéètì ààbò ti LTS ẹ̀ (àfikún ìgbà tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́) á sì máa wọlé títí di June 2028, torí náà wọn ò kánjú. Fódà tí sysctl.txt àti ìyókù ẹ̀ máa wà ti wà lórí dísìkì ìta dè é, wọ́n sì ti ṣí `/etc/sysctl.conf` tibẹ̀ wò, ìlà méjì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ti gbé méjèèjì lọ sínú `/etc/sysctl.d`.